Títa ọkọ̀ àgbà tó ti rìn jìnnà láìfi àléébù rẹ̀ pamọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tí a wà ní Àbújá

Ìparí ọdún 2024 ni mo ta Camry mi, ti ọdún 2004, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Big Daddy. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà á láti Kubwa lọ síbi iṣẹ́ ní Central Area, mo sì máa ń gbé e lọ sílé ní Òṣogbo nígbà ọdún. Láti ìgbà tí mo ti tà á ni àwọn ará wa ní Kubwa, Lugbe àti Nyanya ti ń bi mí bí mo ṣe tà á tí kò di ẹjọ́. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Ohun kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo ìdáhùn mi: ohunkóhun tí ẹ bá mọ̀ nípa ọkọ̀ yẹn, ẹ sọ ọ́ kí olùrà tó sanwó.

Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Bí mo bá ka gbogbo àléébù ọkọ̀ mi sílẹ̀, ta ló máa rà á?

Ó máa kọ́kọ́ jọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ló pè mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí mo ṣe ń ka àléébù ọkọ̀ fún wọn lórí fóònù, mẹ́rin ní àwọn á pè mí padà, wọn ò sì pè. Inú mi ò bàjẹ́. Bí mo bá fi pamọ́, àwọn mẹ́rin yẹn á wá láti Gwagwalada tàbí Suleja, wọ́n á gba gbogbo ọjọ́ Sátidé mi, wọ́n á rí ohun tí mo fi pamọ́, wọ́n á sì bínú lọ. Àwọn méjì tó kù wá, ẹnì kejì ló rà á.

Ẹni tó ń wá irú ọkọ̀ báyìí ti mọ̀ pé ọkọ̀ àgbà lòun ń rà. Èyí tí kò mọ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Bí ẹ bá fẹnu ara yín sọ àléébù mẹ́fà fún un, kò ní máa fi gbogbo ara wá ìkeje kiri.

Máìléèjì ọkọ̀ mi ga jù. Rìwáyà kan ní òun lè bá mi dín in kù. Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é?

Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Nígbà tí mo ra Camry yẹn ní tòkúnbọ̀ lọ́dún 2013, 98,000 máìlì ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà. Ó tó bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo ń palẹ̀ inú pijinhóòlù mọ́, ni mo rí bébà kékeré kan láàárín ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Irú bébà tí àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní Amẹ́ríkà máa ń lẹ̀ mọ́ igun gíláàsì iwájú ni, kí ẹni tó ni ọkọ̀ lè rántí ìgbà tó yẹ kó padà wá. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, irun àti eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn. Báírò ni wọ́n fi kọ ọ́: 131,400, oṣù kẹta ọdún 2011. Mo jókòó, mo wo bébà, mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ tó ti kọjá 131,000 ní ọdún méjì sẹ́yìn ló ń ka 98,000 fún mi.

Owó tí mo fi lé e dùn mí, ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ tó dojú rú ló dùn mí jù. Máìléèjì la fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí a pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, ọ́ìlì jíà àti omi rédíétọ̀. Gbogbo ohun tí mo rò pé ó ṣì kù díẹ̀ ló ti kọjá àkókò rẹ̀. Tèmi tiẹ̀ sàn, torí plọ́ọ̀gì mẹ́rin ni, ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Camry V6 ọdún yẹn, ìyẹn plọ́ọ̀gì mẹ́fà, bẹ́líìtì ló ń lò, 90,000 máìlì ló sì yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá ro ẹni tí wọ́n ti dá máìléèjì padà fún, tó rò pé bẹ́líìtì òun ṣì lágbára, tó kó ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀, tó dorí kọ ọ̀nà Lokoja lálẹ́.

Àti pé ojú ọkọ̀ kì í purọ́. Rọ́bà pẹ́dà búréèkì tó ti jẹ dán, títíárì tó ń dán bíi bàtà tuntun, àga awakọ̀ tó ti wó lápá òsì: ìwọ̀nyí kì í bá 80,000 máìlì rìn. Ẹni tó bá sì ní VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ti ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà lè san owó díẹ̀ fún Carfax, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn ọkọ̀, kó rí máìléèjì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un.

Èmi gan-an ò mọ̀ bóyá èyí tó wà lójú rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ẹni tó ra tèmi nìyí: “187,000 ló ń kà, ṣùgbọ́n ó kéré tán 33,000 ti sọnù nínú rẹ̀ kó tó dọ́wọ́ mi. Ẹ kà á sí 220,000 sókè.” Mo mú bébà yẹn jáde, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dòní.

Máìlì ni tàbí kìlómítà?

Ẹ wo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù dáadáa kí ẹ tó kọ nọ́ńbà síta. Ti Amẹ́ríkà máa ń ka máìlì, ti Bẹ́líjíọ̀mù àti Jámánì máa ń ka kìlómítà. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.6. 220,000 máìlì tèmi ti lé ní 354,000 kìlómítà. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà lásán, tí kò sọ èwo ni, ti tan èèyàn jẹ bí kò tiẹ̀ ní in lọ́kàn.

Àléébù wo gan-an ló yẹ kí n sọ? Ọkọ̀ ogún ọdún, kí ni kò ní bàjẹ́ nínú rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó lè pa èèyàn: búréèkì, táyà, títíárì, bẹ́líìtì ìjókòó, éàbáàgì. Bí éàbáàgì bá ti tú rí tí wọn ò fi òmíràn sí i, tí wọ́n kàn rán dáṣíbọ́ọ̀dù padà, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti dákẹ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ta Corolla ọdún 2003 sókè sí 2013, kó tẹ VIN rẹ̀ sí ojúlé NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lára ọkọ̀ tí wọ́n pè padà fún àtúnṣe nítorí éàbáàgì tí iléeṣẹ́ Takata ṣe, èyí tí ooru àti ọ̀rinrin máa ń bà jẹ́ títí tó fi lè fọ́n irin sára èèyàn. Ooru Àbújá kò kéré, ẹ kúkú mọ̀.

Ti táyà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè nípọn kó sì ti gbó. Méjì nínú tèmi jẹ́ ti 2018, mo sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń jẹ owó: ẹ́ńjìnnì àti jíà. Ṣé ó ń jẹ ọ́ìlì? Mélòó lẹ máa ń fi kún un kí ìgbà pípààrọ̀ tó dé? Camry plọ́ọ̀gì mẹ́rin ti 2007 sí 2009, ìyẹn Muscle, gbajúmọ̀ fún jíjẹ ọ́ìlì. Toyota fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ó sì bá àwọn kan tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà ẹni tó bá ń ta Muscle, tó sì ní kò jẹ ọ́ìlì rí, kó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ sọ àwọ̀ èéfín tó ń yọ: búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ló ń jó, dúdú túmọ̀ sí pé epo ń wọlé jù, funfun tí kì í lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná túmọ̀ sí pé omi rédíétọ̀ ti ráyè wọ ibi tí kò yẹ. Bí ẹ bá ti ṣí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rí, ẹ sọ ọdún tó ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Jíà tèmi máa ń fà díẹ̀ kó tó wọ kejì láàárọ̀ tí ara rẹ̀ tutù. Mo sọ ọ́ kedere, torí òun ló wúwo jù.

Ìyókù kò le: ẹ́ésì tí kì í tutù lọ́sàn-án gangan, gíláàsì ẹ̀yìn tí kò sọ̀kalẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀kì tó ń ké ní bọ́m̀pù. Ẹ sọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọjá.

Iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹ má ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ pa á láàárọ̀ ọjọ́ tí olùrà ń bọ̀. Ẹ̀rọ kan náà lọ́wọ́ mẹkáníìkì rẹ̀ á fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ìrántí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà ni, torí àwọn àyẹ̀wò tó máa ń ṣe fúnra rẹ̀ kò ní tíì parí. Iná náà á sì tún padà tàn.

Ṣé kí n kọ́kọ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe?

Rárá, owó yẹn kò ní padà. Ẹ tún èyí tó kan ẹ̀mí ṣe, àti ohun kéékèèké bíi gílóòbù àti wípà. Èyí tó bá ju agbára lọ, ẹ fi sílẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára owó ọkọ̀, ẹ sì sọ pé ẹ ti yọ ọ́. Èyí tí mo kórìíra ni dída ọ́ìlì tó ki sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kíkun ọkọ̀ lọ́dà nítorí kí ìpẹtà má baà hàn. Àtúnṣe kọ́ nìyẹn.

Wọ́n ti gbá ọkọ̀ mi rí. Páńẹ́lì bítà ṣe é débi pé ojú ò lè rí i.

Ojú yín rí i. Ẹ sọ ibi tó fara gbá àti ohun tí wọ́n pààrọ̀. Bí ẹ bá ní fọ́tò ọjọ́ náà, ẹ fi hàn, torí fọ́tò máa ń jẹ́ kó hàn pé kò burú tó bí olùrà ṣe ń rò ó.

Ti omi tún burú jù. Lọ́dún 2023 tí àgbàrá ya wọ Trademore Estate ní Lugbe, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló bómi lọ. Ọkọ̀ tí omi bá ti wọ inú rẹ̀ lè ṣe dáadáa fún oṣù mẹ́fà kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra. Bí omi bá ti wọ tiyín kọjá kápẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ ìpolówó yín.

Báwo ni ìpolówó náà ṣe yẹ kó rí?

Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò yín. Tèmi nìyí:

“Toyota Camry 2004, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, jíà ọ́tò (automatic), àwọ̀ eérú. Èmi nìkan ni mo ti lò ó ní Nàìjíríà láti 2013. Ojú rẹ̀ ń ka 187,000 máìlì, òótọ́ rẹ̀ lé ní 220,000. Ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣí rí, lítà ọ́ìlì kan ni mo máa ń fi kún un láàárín ìgbà pípààrọ̀ méjì. Jíà máa ń fà láàárọ̀. Ẹ́ésì kì í tutù tó lọ́sàn-án. Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ọ̀kadà ló gbá a ní 2019. Táyà méjì ti gbó. Ìwé pé. Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání.”

Ẹ ya fọ́tò ìpẹtà, ya ti àga tó ya, ya ti dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú iná tó ń tàn lórí rẹ̀. Ẹ má fi fọ́tò ọdún 2016 tan ẹnikẹ́ni.

Èló ni kí n pè é?

Ẹ wá irú rẹ̀ márùn-ún sí mẹ́wàá tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, ẹ wo iye tí wọ́n ń pè é, ẹ rántí pé iye tí wọ́n pè kọ́ ni wọ́n ń tà á. Ẹ wá yọ owó àtúnṣe tó ń bọ̀. Mo pe tèmi ní 3.1 mílíọ̀nù, mo sì tà á ní 2.75.

Epo náà ti yí ọjà padà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan di 537 náírà ní Àbújá láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ọdún 2024 sì tó parí ó ti kọjá 1,000. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń ta V6 gbọ́dọ̀ sọ iye epo tó ń mu láìjẹ́ pé a bi í.

Ṣé kí n gbé e fún déálà?

Ẹ lè gbé e fún un bí ẹ ò bá ráyè, ṣùgbọ́n ẹ kọ àléébù rẹ̀ sí bébà, ẹ sì ní kó fi bébà náà han olùrà. Èmi gbìyànjú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ka bébà mi tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mummy, ẹ má dá ọ̀rọ̀ jíà sílẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá dé ilé wọ́n á rí i.” Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Owó kọmíṣọ̀n náà, ẹ fẹnu kò lé e lórí kí ọkọ̀ tó kúrò nílé.

Olùrà fẹ́ mú mẹkáníìkì tirẹ̀ wá. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á fi já owó mi lulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó mú un wá, ẹ má sì tan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó dé. Òótọ́ ọkọ̀ àgbà wà nígbà tí ara rẹ̀ tutù: bó ṣe ń tàn nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, èéfín tó kọ́kọ́ yọ, bí jíà ṣe wọlé.

Olùkọ́ kan láti Keffi ló ra tèmi. Ó mú mẹkáníìkì àgbàlagbà kan wá, ọmọ Hausa. Bàbá náà ò tíì wo ojú ọkọ̀, ó kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tutù. Ó wo ojú mi, ó mi orí, ó ní “Madalla,” ìyẹn ni pé ó dára. Ó ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó wo abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan funfun bíi mílíìkì wà níbẹ̀, ó fi ìka gbọ́n ọn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rédíétọ̀. Nígbà tó parí, ó ka ohun tó rí fún olùkọ́ náà, olùkọ́ sì ń fi báírò fà á lórí bébà ìpolówó mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan péré ni kò sí nínú tèmi: bọ́ọ̀ṣì kan lápá òsì tó ti ya. Mi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, mo yọ owó rẹ̀ kúrò.

Ibo ni kí n jẹ́ kí wọ́n ti wà á wò?

Ibi tó ga. Láti Kubwa, mo mú wọn gun òkè Mpape, torí òkè ló ń fi jíà àti rédíétọ̀ hàn. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn, ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹnikẹ́ni kó dá lọ. Ẹ pàdé níbi tí èrò wà, lọ́sàn-án, bíi ilé epo tàbí iwájú báńkì, ẹ mú ẹnì kan dání, kí ẹ sì ya fọ́tò láísẹ́ǹsì ẹni tó fẹ́ wà á kí ó tó jókòó.

Báwo ni kí n ṣe gba owó?

Nínú báńkì. Áláàtì kì í ṣe owó. Ẹ wo inú àkáǹtì yín fúnra yín, kí owó hàn níbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Olóòótọ́ olùrà kò ní bínú.

Ìwé wo ni kí n ní?

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bí ọkọ̀ bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ín, láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé ródíwọ́dì, ìṣọ́ránsì. Bí ọ̀kan bá ti kú, ẹ sọ ọ́. Kí olùrà ṣe ìṣọ́ránsì tirẹ̀: ti third party fún ọkọ̀ àdáni di 15,000 náírà lọ́dún 2023, láti oṣù kejì ọdún 2025 sì ni ọlọ́pàá ti ń béèrè rẹ̀ lójú pópó.

Ẹ kọ ìwé àdéhùn ẹ̀dà méjì. Kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, VIN, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, iye owó, ọjọ́ àti wákàtí wà nínú rẹ̀, kí àléébù tí ẹ kà sílẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí olùrà sì fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí. Ṣé ẹ rí wákàtí yẹn? Bí ọkọ̀ bá gbá èèyàn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ẹ sì tà á ní aago méjì ọ̀sán, ìlà kan yẹn ló máa gbà yín. Ẹ bá olùrà lọ yí orúkọ orí ìwé padà, ẹ má gba “màá ṣe é tó bá yá.” Títí tí wọ́n fi máa yí i, ilé yín ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá bí wọ́n bá fi ọkọ̀ náà jalè.

Ṣé kò tó bí mo bá kàn kọ “mo tà á bó ṣe wà” síbẹ̀?

Ẹ kọ ọ́, ó dára. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kò bo irọ́. Bí olùrà bá béèrè, “Ṣé wọ́n ti ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí?” tí ẹ sì ní rárá nígbà tí wọ́n ti ṣí i, bébà ò ní gbà yín.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo tà á, olùrà pè pé ọkọ̀ kú sójú ọ̀nà.

Ẹ gbé fóònù. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe é. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀, ẹ rán an létí pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ júwe mẹkáníìkì tó ti mọ ọkọ̀ náà fún un. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ mọ̀ tí ẹ ò sọ, ẹ tù ú nínú, kí ẹ sì fi owó ṣe é. Olùkọ́ yẹn pè mí ní oṣù kan lẹ́yìn náà. Àyà mi já. Irú ọ́ìlì jíà tí mo máa ń lò ló fẹ́ mọ̀.

Kí ni kí n yọ kúrò nínú ọkọ̀ kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́?

Sítíkà ẹ̀sítéètì àti ti ibi iṣẹ́, torí ẹnikẹ́ni lè fi wọlé síbi tí kò yẹ kó dé. Rìmóòtù géètì. Bébà tí àdírẹ́sì yín bá wà lórí rẹ̀. Orúkọ fóònù yín nínú rédíò bí ó bá ní Bluetooth. Àmọ́ ẹ fi jáàkì, sípánà àti táyà àfikún sílẹ̀ fún olùrà bí ẹ bá ti ní wọ́n wà níbẹ̀. Kí ẹ sì gbé àga ẹ̀yìn sókè wò. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí bàtà ẹsẹ̀ òsì tí ọmọ mi sunkún lé lórí lọ́dún 2017.